Àgbàdo tó bu, ẹlẹ́dẹ̀ tí ojú ara ẹ̀ wú, àti awọ inú ilé-ọmọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀, bóyá ẹ ti rí eléyìí rí: ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ́ abo, tí ò tíì tó gùn rárá, ojú ara ẹ̀ á kàn wú, á pọ́n, bí ẹni pé ó ń wá akọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé akọ ò sí nítòsí. Kẹ́ ẹ tó sáré lọ ra abẹ́rẹ́, ẹ lọ yẹ àpò àgbàdo wò ná. Tó bá ti bu, ó lè jẹ́ pé èbu kan tí wọ́n ń pè ní Fusarium ló wà níbẹ̀, òun ló máa ń ṣe oró kan tí wọ́n ń pè ní zearalenone. Oró yìí kì í ṣe ẹ̀sítírójìn o (ìyẹn èròjà tí ara abo ń ṣe, tó ń bá ilé-ọmọ ṣiṣẹ́), àmọ́ ó jọ ọ́ débi pé ilé-ọmọ ò mọ̀yàtọ̀. Láti 1928 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé àgbàdo tó bu ló ń ṣe ẹlẹ́dẹ̀ báyìí. Adìyẹ máa ń fara dà á ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ.

Kí wá ni ẹ̀sítírójìn ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ ká lo ti àwa èèyàn. Tí obìnrin bá ṣe nǹkan oṣù tán, awọ inú ilé-ọmọ ẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kì í sábà ju mílímítà mélòó kan lọ. Ẹ̀sítírójìn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá látibi tí ẹyin wà, á wọnú awọ yẹn bíi kọ́kọ́rọ́ tó bá àgádágodo ẹ̀ mu, ni awọ yẹn á bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, iṣan ẹ̀jẹ̀ á gùn, á nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 10 kí ẹyin tó já. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀sítírójìn yìí kan náà ló ń ṣe ihò àgádágodo sílẹ̀ de ẹni tó máa wá dá a dúró, ìyẹn progesterone, èròjà míì tí ara obìnrin ń ṣe. Tí ẹyin bá já, progesterone á dé, á ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ má hù mọ́, ẹ máa gbọ́únjẹ sílẹ̀ de ọmọ. Tí ọmọ ò bá wá, progesterone á lọ sílẹ̀, awọ á já, nǹkan oṣù nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni tí ẹ̀sítírójìn bá ń dá ṣe é. Obìnrin tí ẹyin ẹ̀ kì í já, tó lè lo oṣù mẹ́ta mẹ́rin láìrí nǹkan oṣù. Àwọn tó sanra gan-an lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, torí ọ̀rá ara náà ń ṣe ẹ̀sítírójìn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀sítírójìn nìkan nígbà tí ilé-ọmọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tamoxifen tí wọ́n ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú náà wà níbẹ̀, ó ń dènà ẹ̀sítírójìn lọ́mú, àmọ́ nínú ilé-ọmọ ńṣe ló ń ṣe bíi tiẹ̀ (ẹ má torí ẹ̀ dá oògùn yín dúró o, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀). Awọ á máa nípọn ṣáá láìsí ẹni tó máa dá a dúró, ó sì lè di jẹjẹrẹ.

Torí náà, Màmá tí ò rí nǹkan oṣù fún ọdún kan gbáko tó wá rí ẹ̀jẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀kán kan péré, kó má sọ pé òun tún ti di ọmọge, ọsibítù ni kó lọ. Wọ́n á ṣe scan, tí awọ yẹn bá ju mílímítà 4 lọ wọ́n á mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mi ò sọ pé ẹ̀kọ tẹ́ ẹ mu ló fà á o.

Ní ti àgbàdo, ẹ sá a lórí tapólìn, ẹ má sá a sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó dì í sápò. Ká máa ní "èyí tó bu, ẹ fún ẹlẹ́dẹ̀" yẹn gan-an ló ń fà á, sísè ò sì ní kí oró yẹn kúrò. Tẹ́ ẹ bá ti gba oúnjẹ yẹn lọ́wọ́ wọn, wíwú yẹn máa ń lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.