Bí mo ṣe dá gbígbọ̀n pẹpẹ irin abẹ́ mọ́tò dúró

Mọ́tò tó ń yí fáànù ńlá kan jókòó lórí pẹpẹ irin tí wọ́n fi bóòtù de igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbàkúùgbà tí mọ́tò bá dé orí eré rẹ̀, ìyẹn ìyípo 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, pẹpẹ náà á máa gbọ̀n rìrì, ṣùgbọ́n bí a bá pa á, tí eré náà sì dín díẹ̀ péré, gbígbọ̀n ọ̀hún á rọlẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura pé iye ìgbà tí pẹpẹ náà ń gbọ̀n nípa àdánidá rẹ̀ bá eré mọ́tò dọ́gba.

Mo fi géèjì tó ń wọn bí irin ṣe tẹ̀ sí abẹ́ pẹpẹ, mo fi ṣéènì gbé mọ́tò kúrò, mo sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà: irin náà tẹ̀ ní 0.43 mm. Nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní 0.43 ni 0.656, bí a bá fi í pín 15.76 (nọ́ńbà tí kì í yí padà nínú ìṣirò yìí, bí a bá fi mm wọn títẹ̀ náà), a ó rí 24, tí í ṣe iye ìgbọ̀nwárìrì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ìyípo 1,450 ní ìṣẹ́jú kan náà kò ju 24.2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣirò yìí kò ka ìwúwo pẹpẹ fúnra rẹ̀, nítorí náà òótọ́ lè rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i.

Rọ́bà lábẹ́ mọ́tò ìbá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì fáànù kò fẹ́ kí mọ́tò máa yẹ̀. Mo jó irin méjì tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L mọ́ abẹ́ pẹpẹ, gẹ́lẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ mọ́tò wà. Títẹ̀ náà di 0.12 mm, ìṣirò sì fún mi ní nǹkan bí 45 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó jìnnà sí 24.2 ti mọ́tò.