Bí mo ṣe gbé ímeèlì àti kàlẹ́ńdà ibi iṣẹ́ sórí iPad mi

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn, àwọn tí a sì sábà máa ń bá ṣèpàdé wà ní London. Nígbà tí ọ̀gá wa ní kí n máa bójú tó ímeèlì àti ètò ìpàdé àwọn lórí iPad mi, mo kọ́kọ́ ní láti pinnu bóyá Mail àti Calendar tó bá ẹ̀rọ náà wá ni màá lò, tàbí Outlook tí Microsoft ṣe. Outlook ni mo mú, torí pé owó ara mi ni mo fi ra iPad náà: bí ènìyàn bá so àkáǹtì Exchange, ìyẹn ètò ímeèlì ibi iṣẹ́ tí Microsoft ṣe, mọ́ Mail, àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ lè ní agbára láti pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́ láti ibi tí wọ́n jókòó sí, títí kan fọ́tò ìkómọ. Nínú Outlook, ìwọ̀nba ohun tó jẹ́ ti iṣẹ́ ni ọwọ́ wọn lè tó.

Gbígbé e sórí ẹ̀rọ kò ṣòro. Mo gbà á láti App Store, mo tẹ àdírẹ́sì ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù sí i, nọ́ńbà kan sì yọ lójú iPad, èyí tí mo tẹ̀ sínú Authenticator, áàpù tó ń jẹ́rìí sí i pé èmi gan-an ni mo fẹ́ wọlé, lórí fóònù mi. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Settings, tí mo pa Focused Inbox, nítorí pé ó máa ń ya ímeèlì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rò pé wọ́n ṣe pàtàkì sí, akọ̀wé kò sì gbọ́dọ̀ gbé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Kàlẹ́ńdà ló gba àròjinlẹ̀. Àwa kì í yí aago wa padà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn ará Britain máa ń fi wákàtí kan kún tiwọn ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọn a sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, aago kan náà ni àwa àti wọn ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, àmọ́ nígbà òtútù, bí aago 10 bá lù ní Ìbàdàn, aago 9 ni ní London, nígbà tí òmíràn nínú wọn ṣì ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo tẹ àmì + láti dá ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, mo yan aago 10 òwúrọ̀, mo sì yí time zone rẹ̀ sí ti London kí n tó fi orúkọ àwọn tí a pè sí i. Mo wá ṣí kàlẹ́ńdà lọ síwájú dé oṣù Kọkànlá, mo sì rí i pé ìpàdé náà ti bọ́ sí aago 11 lọ́dọ̀ tiwa, bó ṣe yẹ kó rí.

Irú ètò yìí lè ṣàkóbá fún ọjọ́ Jímọ̀, nítorí pé ìpàdé aago 12 ọ̀sán ní London yóò di aago 1 lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn, ọ̀gá wa kì í sì í fi ìrun Jímọ̀ ṣeré. Mo fi Busy dí aago 1 sí 2:30 lórí kàlẹ́ńdà ọ̀gá wa ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pè wọ́n sí ìpàdé lè rí i pé àyè kò sí.