Bí A Ṣe Ń Tẹ Àwòrán Ogun Àtijọ́ Sórí Páànù

Ẹ jẹ́ ká mú "Scotland Forever!", àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin ní ogun Waterloo (ogun ọdún 1815 tí wọ́n fi ṣẹ́gun Napoleon) tí Lady Butler, ayàwòrán ará Britain, yà ní 1881. Bí páànù yóò bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ wá fọ́tò rẹ̀ tó ní píksẹ́ẹ̀lì bíi 7,000 ní ìbú. Alumíníọ̀mù tí wọ́n ti kun ní funfun ni kí ẹ rà, nítorí pé yíǹkì iṣẹ́ yìí, èyí tí ooru ń gbé láti ara pépà wọnú ọ̀dà páànù, kò ní àwọ̀ funfun. Lórí páànù tí wọn kò kùn, ara àwọn ẹṣin náà, tó funfun nínú àwòrán, yóò di àwọ̀ abọ́ irin. Ẹ yí àwòrán náà sódì, kí ọ̀tún di òsì, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, lẹ́yìn náà kí ẹ da ojú pépà dé páànù, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èmi kì í yan páànù tó ń dán gbinrin, torí iná yàrá a máa bo ojú àwọn jagunjagun náà.