Bí A Ṣe Ń Wo Apá Kìíní Dragon Ball Kí Ó Lè Yé Ni

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó mọ Goku, akọni inú Dragon Ball, eré àwòrán tẹlifíṣọ̀n àwọn ará Japan, lónìí ni ó jẹ́ pé ìgbà tí ó ti di géńdé, tí ìmọ́lẹ̀ ń bù yẹ̀rì lára rẹ̀, tí irun orí rẹ̀ sì ti pọ́n bíi wúrà ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Inú Dragon Ball Z, eré tí ó tẹ̀lé Dragon Ball, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1989, ni wọ́n ti pàdé rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá padà lọ wo apá kìíní Dragon Ball gan-an, èyí tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fuji gbé sáfẹ́fẹ́ ní Japan ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1986, ó lè rò pé òun ṣi fíìmù gbé. Ọmọdé onírù kan ni yóò bá níbẹ̀, tí ó ń dá gbé nínú ahéré lórí òkè, tí kò sì fojú kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Kò sí ìdíje kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjà gidi láàárín ẹni méjì tí wọ́n mọ̀ ọ́n jà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo fi apá náà hàn kò tíì wo ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí ó fi bi mí pé, "Ìgbà wo ni wọ́n máa jà?" Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí n ronú sí bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn wo apá yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá ń retí ìjà níbẹ̀ yóò jókòó ti ohun tí kò ní dé, ohun tí ó dé yóò sì kọjá lójú rẹ̀.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ rárá, ẹ kọ́kọ́ yan irú ohùn tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ lo ohùn èdè Japan, kí ẹ sì máa ka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, àyàfi bí ẹni tí ẹ jọ ń wò ó bá kéré jù láti kàwé. Masako Nozawa ni ó fi ohùn rẹ̀ ṣe Goku. Obìnrin ni, ó sì ti pé ẹni ọdún 49 nígbà tí apá yìí jáde, síbẹ̀ ọmọkùnrin orí òkè tí kò mọ ìtìjú, tí kò sì mọ ìbẹ̀rù ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun kan náà ni ó ń ṣe ohùn Goku lọ títí tí Goku fi di bàbá, ó sì tún fi ohùn rẹ̀ kún ti àwọn ọmọ Goku. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 1995, nítorí pé wọ́n gé àwọn ibì kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ tún wo ojú ẹ̀rọ yín dáadáa. Àwòrán tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin dọ́gba ni wọ́n yà nígbà náà, bí tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́. Bí ẹ̀rọ yín bá fẹ̀ ẹ́ kí ó lè kún ojú, orí Goku yóò fẹ̀ bí àkèrégbè, iṣẹ́ ọwọ́ Akira Toriyama, ẹni tí ó dá ìtàn náà sílẹ̀, yóò sì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ojú dúdú wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ibi tí ó yẹ kí ó wà nìyẹn.

Ó tún dára kí ẹ mọ ibi tí ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá, àmọ́ díẹ̀ péré ni ẹ nílò. Son Goku ni bí àwọn ará Japan ṣe ń pe Sun Wukong, ọba ọ̀bọ inú Ìrìn-àjò sí Ìwọ̀-Oòrùn, ìtàn gígùn tí wọ́n kọ ní Ṣáínà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ọ̀bọ yẹn ní ọ̀pá tí ń gùn tí ó sì ń kúrú bí ó bá ti fẹ́, ó ń gun àwọsánmà, ó sì ń bá ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan rìnrìn-àjò. Toriyama kó gbogbo èyí sínú ìwé aláwòrán tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Shonen Jump ní ìparí ọdún 1984, ó sì yí wọn sódì: ọmọ onírù ni ó gba ipò ọ̀bọ, ọmọbìnrin olówó kan tí ń jẹ́ Bulma, ẹni ọdún 16, ni ó sì gba ipò ajẹ́jẹ̀ẹ́ mímọ́. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní máa béèrè ìdí tí ọmọ náà fi ní ìrù.

Orúkọ wà lára ibi tí ẹ̀rín máa ń sọnù lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn. Gohan, orúkọ bàbá àgbà tí ó tọ́ Goku, ni wọ́n ń pe ìrẹsì tí a ti sè. Pilaf, ọba kékeré tí yóò yọjú láìpẹ́, ń jẹ́ orúkọ oúnjẹ ìrẹsì mìíràn. Bí ẹ bá pe orúkọ àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, Shu àti Mai, pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti pe oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà kan tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun pọ́n ẹran. Orúkọ Bulma ní tirẹ̀ wá láti ara ṣòkòtò péńpé tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ̀ ṣeré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ Japan. Ẹ sọ èyí fún ọmọdé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tèmi kò tíì pa ẹnu dé tí ó fi ń bi mí pé ta ni yóò máa jẹ́ Ẹ̀bà.

Nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó já lẹ́ẹ̀kan láìdá a dúró. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ, orin ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà kejì ni kí ẹ wá máa dá a dúró, ibi mẹ́ta péré sì tó.

Ibi kìíní ni iṣẹ́ òwúrọ̀ Goku. Ó ju igi ńlá sókè, ó sì fi ìlù ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fọ́ ọ di igi ìdáná. Lẹ́yìn náà ebi pa á, ó lọ sí odò, ó na ìrù rẹ̀ sínú omi bí ẹni na ìwọ̀, ẹja tí ó ju òun fúnra rẹ̀ lọ sì yọjú láti gbé e mì. Ìpá ni ó fi ta á. Ẹ kíyèsí i pé iṣẹ́ ilé ni gbogbo èyí. Agbára ọmọ yìí kò jẹ́ nǹkan ìyanu lójú ara rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí yóò sọ fún un pé àwọn ẹlòmíràn kì í fọ́ igi báyìí. Nígbà tí ó bá di apá 17 àti 18 tí Kame Sennin, arúgbó olùkọ́ ìjà, ń kọ́ ọ ní ìjà, pínpín wàrà láti ojúlé dé ojúlé àti fífọwọ́ kọ oko ni bàbá náà yóò fi kọ́ ọ. Inú iṣẹ́ ilé ni ìjà ti ń wá nínú eré yìí, láti òwúrọ̀ kìíní.

Ibi kejì ni ìgbà tí Bulma fi ọkọ̀ kọlù ú lójú ọ̀nà. Ẹ lọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Goku rò pé ẹranko burúkú ni ọkọ̀ náà, pé ó fẹ́ gba ẹja òun, ni ó bá gbé e, ó sì sọ ọ́ nù. Bulma yọ ìbọn ìléwọ́, ó sì yìn ín lù ú. Ọta kò wọlé. Ó kàn dun ọmọ náà ni, inú sì bí i. Ní tèmi, ibẹ̀ ni eré yìí ti sọ òfin rẹ̀ fún wa: ìbọn kò ní yanjú ọ̀rọ̀ kankan níhìn-ín, nítorí náà bí ìjà bá dé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a ó máa wò. Bí Bulma ṣe bọ́ sílẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ yí padà. Goku kò rí obìnrin rí, ohun tí bàbá àgbà sọ fún un nípa wọn nìkan ni ó mọ̀, ó sì ń wo ọmọbìnrin náà bí ẹni ń wo ọjà tí kò mọ iye rẹ̀.

Ibi kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jùlọ. Inú ahéré ni. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn kan wà níbẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin wà nínú rẹ̀, Goku sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá bàbá àgbà rẹ̀ tí ó ti kú sọ̀rọ̀, nítorí pé bàbá náà ni ó fi í sílẹ̀ fún un. Bulma yọ méjì jáde láti inú àpò rẹ̀, oníràwọ̀ méjì àti oníràwọ̀ márùn-ún. Ó ṣàlàyé pé méje ni gbogbo wọn, pé ẹni tí ó bá kó wọn jọ lè pe dírágónì Shenlong jáde kí ó sì bẹ̀ ẹ́ fún ohun kan ṣoṣo, àti pé òun ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fi ibi tí wọ́n wà hàn. Kí ni òun fẹ́ béèrè? Ó ń rò ó bóyá kí ó jẹ́ èso sitirọ́bẹ́rì tí kì í tán, àmọ́ ọ̀rẹ́kùnrin pípé ni ó padà mú. Ẹ dá a dúró níhìn-ín kí ẹ sì wo ojú àwọn méjèèjì. Bọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n ń wò. Ìrántí òkú ni lójú ọ̀kan, irinṣẹ́ ni lójú èkejì. Bulma mọ gbogbo nǹkan tí Goku kò mọ̀, Goku sì ní gbogbo agbára tí Bulma kò ní, kò sì sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bulma kò sọ gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ bá ń wò ó pẹ̀lú ọmọdé, ẹ bi í pé ta ni ó ni bọ́ọ̀lù náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ti Goku ni. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní ti bàbá àgbà ni. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, kò sì béèrè ìjà mọ́.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn òbí ní ibi kan náà. Ọ̀rọ̀ àwàdà tí kò yẹ etí ọmọdé ni Bulma kọ́kọ́ fi ń tan Goku kí ó lè gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, irú àwàdà bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nínú iṣẹ́ Toriyama nígbà náà, ó tilẹ̀ le sí i ní apá kejì. Ẹ fúnra yín wò ó ṣáájú, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti fò ó.

Pilaf kò gba àkókò púpọ̀. Ó fẹ́ jọba lórí gbogbo ayé, òun náà sì ń wá bọ́ọ̀lù. Nínú ìwé aláwòrán, kò yọjú títí ìtàn fi jìnnà. Àwọn tí ó ṣe fíìmù náà ní iléeṣẹ́ Toei ni wọ́n mú un wá sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì hàn pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa jẹ́ ọ̀tá.

Lẹ́yìn èyí, Bulma ju kápúsù kékeré kan sílẹ̀, alùpùpù sì jáde nínú rẹ̀. Wọ́n gbéra. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀dá abìyẹ́ kan, irú èyí tí ó ti parun láyé tipẹ́, fi gbé Bulma fò lọ, Goku sì gba ọ̀pá bàbá àgbà rẹ̀ mú láti gbà á sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀pá náà dáadáa bí ó ṣe ń gùn sí i. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀síwájú, ẹ má fò lọ sí ibi ìdíje ní apá 19. Oolong, ẹlẹ́dẹ̀ tí ń pa ara dà, ń bọ̀ ní apá kẹrin, Yamcha, ọlọ́ṣà aṣálẹ̀, ní ìkarùn-ún, apá kẹjọ sì ni ẹ ó ti kọ́kọ́ gbọ́ Kamehameha, orúkọ ìmọ́lẹ̀ agbára tí a ń tì jáde láti àtẹ́lẹwọ́, lẹ́nu arúgbó kan tí kò tilẹ̀ fi ja ẹnikẹ́ni. Iná ni ó fi pa.