Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Àsíá Ìlú Èbúté Lára Máàpù Òkun Àtijọ́

Ẹ má fi àsíá bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Máàpù Catalan ti ọdún 1375 ni èmi fi kọ́ ọ. Paris ló wà, ṣùgbọ́n ẹ lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Gallica, ìkànnì ilé ìkàwé ìjọba Faransé. Ẹ fẹ̀ ẹ́ títí etíkun Ítálì yóò fi kún ojú ẹ̀rọ. Orí ilẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ èbúté sí, ó dábùú etí omi, nítorí náà ẹ máa yí àwòrán náà bí ẹ ṣe ń lọ. Íǹkì pupa ni ti èbúté ńlá, dúdú ni ti kéékèèké.

Ó wá kan àsíá. Àgbélébùú pupa lórí funfun: Genoa nìyẹn. Kìnnìún abìyẹ́ ni ti Venice. Ìlà pupa àti yẹ́lò, ti ọba Aragon ní Spain, tó ni Barcelona, ni.

Àwọ̀ ló máa ń dà mí láàmú jù. Bí wọ́n bá fi fàdákà kun ibi funfun lára àsíá, ó máa ń dúdú bó bá pẹ́. Mo ti kọ "dúdú" sílẹ̀ rí fún àsíá kan, àfi ìgbà tí mo fẹ̀ ẹ́ dáadáa tí mo rí i pé igun rẹ̀ kan ṣì ń dán. Mo pa á rẹ́, mo kọ "funfun".

Ẹ tún yẹ ọdún wò. Ayàwòrán máa ń da máàpù àtijọ́ kọ. Ọdún 1475 ni Caffa, èbúté kan létí Òkun Dúdú, bọ́ lọ́wọ́ Genoa. Àsíá tí ẹ bá rí níbẹ̀ lórí máàpù tí wọ́n yà lẹ́yìn náà lè jẹ́ ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.