Bí mo ṣe rí i pé kì í ṣe ìṣirò ló ń dá àwọn ọmọ Ègùn wa láàmú

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ní tọ́ọ̀mù tó kọjá. Èmi ni HM ilé-ìwé pámárì kan lápá Yábàá, kò jìnnà sí Màkókò. Ọdọọdún làwọn ọmọ Ègùn wa máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìṣirò, àwọn tíṣà á ní "ẹja ni wọ́n mọ̀ jàre", èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí, n ò ní parọ́.

Mo mú Pámárì Tú, mo bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan pé èdè wo ni ìyá ẹ fi ń bá ẹ sọ̀rọ̀ nílé, torí rẹ́jísítà ò kọ ìyẹn sí, orúkọ ò sì ṣeé wò, Sunday àti Blessing ló kúnbẹ̀. Nínú ọmọ 43, 16 ló ní Ègùn. Mo wá wo máàkì wọn lọ́tọ̀: tó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, wọ́n ń gbà á bí àwọn tó kù, àfi tí ìbéèrè bá ti di ìtàn, "Bọ́lá ra ọsàn mẹ́jọ, ó fún àbúrò ẹ̀ ní mẹ́ta", ibẹ̀ ló ti ń dàrú.

Mo pe ọmọbìnrin Ègùn kan ní Pámárì Fáìfù kó bá mi fi Ègùn ka ìbéèrè yẹn fún wọn. Ọmọkùnrin kan ní "àtọ́ọ́n", mo ní kò gbà á, ọmọbìnrin yẹn rọra ní, "Àǹtí, márùn-ún ló wí o, àtọ̀n ni mẹ́ta." Ojú tì mí. Èmi tí mò ń fi ọkọ́ àti ọkọ̀ yangàn! Ṣebí gbogbo wa là ń fi iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa ní Ifẹ̀ ní 1970 ṣe fọ́ńté, tí wọ́n fi Yorùbá tó jẹ́ èdè ilé wọn kọ́ àwọn ọmọ pámárì fún ọdún mẹ́fà, àṣé Yorùbá wa gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yìí.

Mo pe ìpàdé òbí láago mẹ́wàá àárọ̀ Fúráìdeè, èèyàn méjì ló wá, ìyá kan ló là mí lójú pé àsìkò yẹn ni wọ́n ń yan ẹja. Mo fẹsẹ̀ ara mi lọ bá wọn létí omi nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá ọlọ́mọ kan tó ka ìwé dé SS3, ó gbà láti máa wá jókòó sí kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kó máa fi Ègùn là á yé wọn, owó PTA la fi ń san owó ọkọ̀ ẹ̀.

Ní ìdánwò ìparí tọ́ọ̀mù, mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọ Ègùn 16 yẹn gba ìbéèrè onítàn, ẹyọ kan ló gbà á tẹ́lẹ̀. Tíṣà tó ń kùn jù náà ti ń ka ení èjì l'Égùn báyìí, mẹ́ta àti márùn-ún ò tíì yé e.