Bí mo ṣe fi kajú Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe marzipan oníṣokoléètì

Marzipan ni ohun dídùn tí wọ́n ń fi kóró lílọ̀ àti ṣúgà pò. Álímọ́ńdì ni wọ́n fi ń ṣe é ní Lübeck ní Jámánì àti ní Toledo ní Sípéènì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, álímọ́ńdì ọ̀wọ́n bí ojú, kajú ló wà nílẹ̀, òun náà ni mo sì lò. (Èso tí àwọn ọmọdé ń ṣà lábẹ́ igi nílé ìwé, tí àwọn kan ń pè ní álímọ́ńdì, òun kọ́ là ń wí o.) Iṣẹ́ yìí kò le. Òróró inú kajú nìkan ni kí ẹ máa ṣọ́. Bó bá tú jáde kó tó yẹ, ohun tó yẹ kó dì mọ́ra á di ohun tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì.

Ohun tí mo lò nìyí: kóró kajú tí wọ́n ti bó, tí kò níyọ̀, gíráàmù 250, ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí àwọn oníkéèkì fi ń ṣe icing, gíráàmù 180, kòkó lẹ́búlẹ́bú tí kò ní ṣúgà, gíráàmù 25, iyọ̀ bíńtín, fànílà ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì. Fún omi ṣúgà tó máa dè é pọ̀, ṣúgà oníhóró gíráàmù 60 àti omi ṣíbí ìjẹun 3. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ife tíì.

Milo àti Bournvita kì í ṣe kòkó tí mò ń wí. Ṣúgà àti màlíìtì ti wà nínú wọn. Adùn á pọ̀jù, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní dúdú.

Kajú yíyan tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, oníyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, iná sì ti mú òróró rẹ̀ sún mọ́ òde. Èyí tó ṣì funfun ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kajú. Wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò burú, lílọ̀ la kúkú fẹ́ lọ̀ ọ́. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó sanwó: kajú tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń họ ọ̀nà ọ̀fun, kòkó kò sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má sì ní ẹ fẹ́ ra èyí tó ṣì wà nínú èèpo líle kí ẹ wá pa á nílé. Oje inú èèpo yẹn ń bó èèyàn lọ́wọ́, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú.

Mo da kajú sínú páànù gbígbẹ lórí iná wẹ́ẹ́rẹ́, mo ń rò ó fún ìṣẹ́jú 5, kí ọ̀rinrin ara rẹ̀ lè gbẹ, kì í ṣe kó lè pọ́n. Lásìkò òjò, ẹ má fo èyí dá. Nígbà tó tutù pátápátá, mo dì í sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e sí fírísà fún ìṣẹ́jú 30, tòun ti ife bìlẹ́ńdà. Ife kékeré tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ ni mo lò. Bó bá ti lọ ata tàbí edé rí, ẹ wá òmíràn. Òórùn wọn kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ibi lílọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Mo pín kajú sí mẹ́ta, mo pín ìdajì ṣúgà lẹ́búlẹ́bú náà sí mẹ́ta, mo sì da ìpín kajú kan àti ìpín ṣúgà kan pọ̀ kí n tó lọ̀ wọ́n. Ṣúgà náà, àti sítáàṣì díẹ̀ tó máa ń wà nínú rẹ̀, ló ń fa òróró tó bá fẹ́ yọ mu. Títẹ̀ ni mo ń tẹ̀ ẹ́: ìṣẹ́jú-àáyá 3, mo dúró; 3 mìíràn, mo dúró, mo gbọn ife. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa sáré lọ láìdúró, abẹ rẹ̀ á gbóná, òróró á sì tú. Ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ ife. Nígbà tó ṣì dára, bí ẹ bá dorí ife kodò díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú náà á já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá ti ń kóra jọ sí igun, tí kò fẹ́ já mọ́, ẹ pa iná. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò: bí ìka bá ń dán, ó ti fẹ́ kọjá ààlà. Kajú rọ̀ ju álímọ́ńdì lọ, ó sì máa ń yára débẹ̀. Mo jọ̀ ọ́; èyí tó bá ṣẹ́kù lórí asẹ́, mo dà á mọ́ ìpín tó kàn.

Bí òróró bá wá yọ ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Omi tútù ṣíbí ìmutíì kan àti ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ṣíbí ìjẹun 2 ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ pò ó pẹ̀lẹ́. Omi díẹ̀ yẹn ló ń mú òróró padà wọlé. Bó bá jẹ́ ṣúgà nìkan ni ẹ ń dà sí i, dídùn ni yóò máa dùn sí i.

Omi ṣúgà kò gba àkókò: ṣúgà oníhóró àti omi lórí iná, ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn tó bá hó, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn mìíràn ń lo funfun ẹyin. Ẹyin yẹn kò ní rí iná títí wọ́n fi máa jẹ ẹ́, èmi ò sì fọkàn tán an níbi tí fìríìjì ti ń dúró de NEPA.

Mo jọ kòkó àti ṣúgà tó kù sórí kajú, mo fi iyọ̀ sí i, mo pò ó ní gbígbẹ títí àwọ̀ rẹ̀ fi dọ́gba. Mo wá da omi ṣúgà ṣíbí ìjẹun 3 àti fànílà sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń ṣe bíi pé kò ní dì láéláé. Ẹ ní sùúrù, kòkó kì í tètè mu omi. Bó bá ṣì ń ya lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ máa fi omi ṣúgà ṣíbí ìmutíì kọ̀ọ̀kan kún un. Tí ẹ bá dì í mọ́wọ́, tó dúró, tí ọwọ́ kò sì dán, ó ti tó. Ẹ má pò ó jù, ooru ọwọ́ náà ń yọ òróró. Mo fi láílọ́ọ̀nù wé e, mo gbé e sí fìríìjì fún wákàtí kan, mo wá yí i ní róbótó, gíráàmù 15 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní 30.

Ní ti ìbòrí, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ yí i nínú kòkó lẹ́búlẹ́bú, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣokoléètì gidi, gíráàmù 150 ti dúdú á tó. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sórí omi gbígbóná títí yóò fi dé 45°C, ẹ rò ó títí yóò fi lọ sílẹ̀ sí 27°C, ẹ wá gbé e padà sí 31 tàbí 32. Ìkán omi kan péré tó bá kán sí i, á gan. Ìdájí ni mo máa ń ṣe é, torí nǹkan bíi 34°C ni òróró kòkó ń yọ́, ooru ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà nílùú yìí sì lè dé ibẹ̀. Marzipan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní fìríìjì kò ṣeé rì bọ̀ ọ́: inú rẹ̀ á wú bó ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìbòrí á sì là.

Ike tó ní ìdérí ni mo ń kó o sí, nínú fìríìjì, ọ̀sẹ̀ 3. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e síwájú àlejò, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kajú wà nínú rẹ̀. Ara àwọn mìíràn ń kọ̀ ọ́, ojú kò sì lè dá a mọ̀ lábẹ́ kòkó.